Ẹ Jẹ́ Ká Yáná Lójú Ààrò, Ẹ Má Gbé Èédú Wọ Yàrá

   

Ẹ̀yin ará wa lókè Plateau níbí, ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé inú ilé àtijọ́ tí ààrò wà nínú ògiri páálọ̀ rẹ̀. Kí la ń fi ààrò yẹn ṣe? Àwọn kan fi pákó dí i. Àwọn kan gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú rẹ̀. Àwọn míì sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Bí òtútù bá wá dé, a ó gbé sítóòfù èédú wọ yàrá tí a ń sùn, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó ti fèrèsé, a ó sì fi aṣọ há gbogbo ihò. Ààrò tó ní ọ̀nà èéfín la pa tì, èyí tí kò ní la gbé sùn ti ọmọ. Ẹ jẹ́ ká tún un rò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ààrò yẹn fi wà níbẹ̀. Jos ga ju 1,200 mítà lọ sókè ojú òkun, Ìbàdàn ò tó 300. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán wa fi lè tura, kí òru oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní sì di nǹkan míì. Bí ọyẹ́ bá le, ìwọ̀n ooru lè wálẹ̀ dé 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tiẹ̀ tún dín sí i. Àwọn òyìnbó tó wá wa tánganran níbí mọ òtútù láti ìlú wọn, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́lé lọ́dọ̀ wọn náà ni wọ́n kọ́ ọ síbí. Ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914. Àwọn bàbá tiwa náà bá rélùwéè gòkè wá, ẹlòmíì akọ̀wé, ẹlòmíì oníṣẹ́ ọwọ́, púpọ̀ nínú wọn oníṣòwò. Nígbà tí ọjà tánganran dàrú lágbàáyé ní 1985, ọ̀pọ̀ ilé àwọn awakùsà bọ́ sọ́wọ́ oríṣiríṣi èèyàn. Ẹ ṣì lè rí wọn ní Rayfield, ní Bukuru, ní Barkin Ladi, ní Vom. Ògiri wọn nípọn, àjà wọn ga, ẹnu fèrèsé wọn ò dì mọ́ra dáadáa mọ́, ààrò sì wà ní páálọ̀.

Ọjà ohun ìkọ́lé ni mò ń tà, torí náà lọ́dọọdún ni mo máa ń gbọ́ ẹjọ́ ààrò yìí lẹ́nu oníbàárà. "Ẹ bá mi wá pákó tí mo lè fi dí i pa, ó kàn ń rú èéfín ni, kò mú ilé gbóná." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ààrò tí a ò tọ́jú, èéfín ló ń fún èèyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi kí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kú oríire mọ́.

Tọkọtaya kan wà, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n, wọn ò tíì pé ọdún kan ní Jos. Ìyàwó bímọ, ọmọ ò ju oṣù mẹ́rin lọ, ìyá ìyàwó sì wá láti ilé láti bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹ mọ̀ pé ìyá tó ti ilé wá kì í fara da òtútù ibí. Wọ́n gbé sítóòfù èédú wọ yàrá, èédú ti pọ́n dáadáa, kò sí èéfín kankan lójú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ìyá dìde láti gbàdúrà. Orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ò gbé e. Ó fà dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ṣubú, ilẹ̀kùn sì ṣí pẹ̀lú rẹ̀. Ariwo ìṣubú yẹn làwa gbọ́ nílé kejì. Ìgbà tí a débẹ̀, ọkọ ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, ìyàwó ń bì, ọmọ ò ké. A gbé gbogbo wọn síta nínú òtútù yẹn, a wá mọ́tò, a gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì fi oxygen sí wọn nímú.

Ọlọ́run ṣeun, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yè é. Ọmọ yẹn ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá ọmọ ń tún sọ lọ́jọ́ yẹn kò kúrò létí mi: "Ẹ̀gbọ́n, kò sí èéfín kankan níbẹ̀ o. Mo wò ó dáadáa kí n tó gbé e wọlé."

Ohun tó ń tan wá jẹ gan-an nìyẹn. Èédú kì í rú bí igi, torí èéfín rẹ̀ ti lọ nígbà tí wọ́n ń sun ún nínú igbó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jó nínú yàrá tó ti pa, ó ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í mú èèyàn wúkọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà wọlé, ó sì ń gba ipò tí oxygen yẹ kó wà. Ẹni tó sùn kì í mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ara rọ, kí oorun àìdáa máa kunni. Bí gbogbo ará ilé bá ní orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lóru, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ jáde síta kíákíá, ẹ ṣí gbogbo ilé sílẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé iná èédú wà nínú yàrá. Jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí fàráńdà tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà ń tu gáàsì kan náà jáde o.

Lẹ́yìn tí wọ́n dé láti ọsibítù, bíríkìlà àgbà kan, bàbá ọmọ Berom tó ti tún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé awakùsà yìí ṣe, ló bá wa yọ pákó tí wọ́n fi dí ààrò páálọ̀ wọn. Ìtẹ́ ẹyẹ jábọ́ látòkè, ó tó ẹ̀kún agbọ̀n. Bàbá yìí fọ èdè Hausa sí wa, ó ní, "Hayaƙi yana son hanya." Èéfín ń fẹ́ ọ̀nà. Gbogbo ohun tí màá sọ láti ibí lọ, orí gbólóhùn yẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ààrò inú ògiri kì í fi í mú ilé gbóná bí a ṣe ń retí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè ni. Bí iná bá ti ń jó, ooru tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gba inú ṣímínì jáde. Ká ní ọ̀nà mẹ́wàá la pín in sí, èyí tó ń wọ inú ilé lè má ju ọ̀nà kan lọ. Bí afẹ́fẹ́ sì ṣe ń jáde lókè, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu fèrèsé ló ń gbà wọlé, tútù nini. Ìdí nìyẹn tí iwájú ẹni fi ń gbóná tí ẹ̀yìn ẹni ń gbọ̀n. Ooru tó wúlò fún wa ni èyí tó ń tàn jáde tààrà láti ara iná, láti ara ẹyin iná àti láti ara bíríkì tó ti gbóná, bí oòrùn ṣe ń tàn sí wa lára. Iṣẹ́ wa ni ká mú kí títàn yẹn pọ̀, kí èyí tó ń sá gba òkè lọ sì dín kù.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ èyí. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, Benjamin Thompson, ẹni tí wọ́n tún ń pè ní Count Rumford, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1796. Ó ní kí ààrò má jìn sínú ògiri jù, kí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì là síta bí ẹni ṣí apá láti gbàlejò, kí ọ̀fun ṣímínì tó wà lókè iná sì fún. Ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tún ààrò wọn ṣe báyìí. Ẹ wo tiyín. Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá là síta, ẹni tó kọ́ ọ mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá rí bí àpótí tó jìn, ẹ lè ní kí bíríkìlà fi bíríkì tó lè gba iná kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú díẹ̀, kó sì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là síta. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dáná, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà èéfín. Ẹ mú dígí kékeré, ẹ nà án sínú ààrò lọ́sàn-án, kí ẹ wo òkè láti inú dígí. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀run, ọ̀nà là. Bí ẹ ò bá rí i, ó lè jẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ, ó lè jẹ́ oyin, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀fun ṣímínì tẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ojú rí òkè. Ẹ pe ẹni tó lè gun òkè ilé lọ wò ó. Okùn gígùn, nǹkan wúwo nídìí rẹ̀, ìdì ẹ̀ka igi tó le láàárín, ẹni kan lókè, ẹni kan nísàlẹ̀, wọ́n á fà á lọ fà á bọ̀ títí gbogbo èéfín tó gan mọ́ ògiri inú yóò fi jábọ́. Ẹ fi aṣọ bo àga yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni ilé tí wọ́n ti pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kan páànù ìgbàlódé, àwọn káfíńtà kan máa ń wó ṣímínì tó yọ sókè, wọ́n á sì kan páànù bò ó mọ́lẹ̀ kí òjò má bàa jò. Ẹni tó wà ní páálọ̀ ò ní mọ̀, torí ààrò ṣì wà lójú ògiri bó ṣe wà. Bó bá dáná síbẹ̀, inú àjà ló ń rán iná lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ dúró síta, ẹ gbójú sókè, ẹ wo orí ilé yín. Ṣímínì gbọ́dọ̀ yọ, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè ibi tó ti la páànù jáde. Bí ẹ ò bá rí i lórí ilé, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣáná sí ààrò yẹn títí ẹ ó fi tún un kọ́.

Bí ọ̀nà bá là tí èéfín ṣì ń padà sínú ilé, ẹnu ààrò lè ti fẹ̀ jù. Òfin àwọn tó ń kọ́ ọ ni pé kí ẹnu ààrò má ju ìlọ́po mẹ́wàá ojú ihò ṣímínì lọ. Bí ihò ṣímínì bá jẹ́ íǹṣì 9 níbùú, 9 lóròó, 81 nìyẹn. Ẹnu ààrò ò gbọ́dọ̀ ju 810 lọ, bíi íǹṣì 30 níbùú àti 27 lóròó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi irin pẹlẹbẹ kan dín òkè ẹnu rẹ̀ kù, tàbí kí ẹ to bíríkì sílẹ̀ kí ibi tí iná ń jókòó ga sókè díẹ̀. Kí ẹ tó dáná gan-an, ẹ tan ìwé ìròyìn kan, ẹ nà án sókè sí ọ̀fun ṣímínì fún ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tútù tó jókòó sínú rẹ̀ á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí èéfín ìwé yẹn bá padà wá bá yín lójú, ẹ má dáná.

Ó kan igi. Igi tútù, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ omi ni. Iná tí ẹ dá sí i, omi ló ń gbẹ kó tó kan yín, èéfín rẹ̀ sì ń di ọ̀dà dúdú mọ́ inú ṣímínì. Ọ̀dà yẹn lè gbiná lọ́jọ́ kan. Igi eucalyptus ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń jó dáadáa bó bá gbẹ. Ẹ má dúró di oṣù Kejìlá kí ẹ tó rà á. Ẹ rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ là á, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù kó má fara kan ilẹ̀, ẹ bo òkè rẹ̀ lọ́wọ́ òjò, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Títí ọyẹ́ á fi dé, ó ti tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ. Igi tó gbẹ, ẹnu rẹ̀ á ti sán, bí ẹ bá sì gbá méjì pọ̀, á dún kọ́kọ́kọ́. Ẹ má fi pákó tí wọ́n kùn dáná, ẹ má da ọ̀rá àti ike sí i, ẹ má sì fi kẹrosíìnì tan án láéláé.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ má kó gbogbo eérú kúrò, ẹ fi nǹkan bí íǹṣì kan sílẹ̀, á máa pa ẹyin iná mọ́. Ẹ gbé ìtì ńlá kan sẹ́yìn pátápátá, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ẹ to àwọn tó kéré síwájú rẹ̀, kí iná jó láàárín wọn. Ìtì ẹ̀yìn yẹn á pọ́n, á sì máa ta ooru síta fún yín. Bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ tó nípọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, ẹ gbé e ti ògiri ẹ̀yìn, kí àyè íǹṣì kan wà láàárín wọn. Irin á gbóná, á sì máa tàn sí yín kódà nígbà tí iná bá ń rọlẹ̀. Ẹ má fi páànù tàbí irin dúrọ́ọ̀mù ṣe é, fífẹ́lẹ́ rẹ̀ á jẹ́ kó ká kò. Iná kékeré tó ń jó geere sàn ju iná ńlá tó ń rú lọ.

Ẹ má gbìyànjú láti mú gbogbo ilé gbóná, páálọ̀ nìkan ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá yòókù, ẹ fi kọ́tìnnì tó nípọn sí fèrèsé, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ torí ilẹ̀ símẹ́ǹtì ń fa òtútù. Ṣùgbọ́n fèrèsé tó sún mọ́ ààrò jù, ẹ ṣí i ní ìwọ̀n ìka méjì. Ibẹ̀ ni iná á ti máa mí, kò ní fa atẹ́gùn tútù gba ẹ̀yìn yín kọjá mọ́. Ẹ sún àga mọ́ iná, kí àwọn àgbà àti ọmọdé wà níwájú, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ẹnu ààrò nítorí ọmọ tó ń rá.

Ooru tí ẹ ó gbé wọ yàrá ńkọ́? Ẹ gbé ìkòkò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí oorun bá tó, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò tí ọmọrí rẹ̀ dì dáadáa, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, ẹ fi sábẹ́ aṣọ ìbora kí ẹni tó fẹ́ sùn tó wọlé. Ti ọmọ ọwọ́, ẹ fi mú ibùsùn rẹ̀ gbóná, kí ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tẹ́ ọmọ sí i. Ẹ ti rí ooru gbé wọ yàrá nìyẹn láìgbé iná wọ̀ ọ́.

Òfin òru kan ṣoṣo ló kù. Àwọn ààrò kan ní irin tí a fi ń dí ọ̀fun ṣímínì. Bí ẹyin iná bá ṣì ń pọ́n, ẹ ò gbọ́dọ̀ dí i, bó ti wù kí òtútù mú tó. Ẹyin iná igi yẹn, èédú kan náà ni. Ẹ fi eérú bò ó, kí ẹ fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ di àárọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ owó ló máa kàn. Tẹ́náǹtì á ní iṣẹ́ lándílọ́ọ̀dù ni, lándílọ́ọ̀dù á ní òun ò ní kó dáná. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù wa, ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ ó fi gbá ṣímínì kò tó owó páànù tí ẹ ó fi tún ilé tó jóná bò. Ẹ̀yin tẹ́náǹtì, bí lándílọ́ọ̀dù bá kọ̀, ẹ dá owó jọ láàárín ara yín. Bí kò bá sì ṣeé ṣe rárá, aṣọ ìbora, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìgò omi gbígbóná ni kí ẹ fi sun ọyẹ́ ọdún yìí. Òtútù ń dunni lóòótọ́, àmọ́ a ó jí láàárọ̀.

Ẹni tí èédú rẹ̀ wà nínú yàrá báyìí tó ń ka èyí, kó dìde kó gbé e síta ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bá mi kà á sétí àwọn ìyá tó ti ilé wá tọ́jú ọmọ, torí àwọn ni òtútù ibí ń bá jà jù. Ọlọ́run á mú wa la ọyẹ́ yìí já o. Àmín.